Orí Aláwọ̀ Aró

Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Ọ̀gá fọ́ iṣẹ́ mi lónìí. Kò fi ìbínú ṣe é. Ó kàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì rún bí búrẹ́dì tó ti pẹ́ nílẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ láti da omi lé pílásítà lórí?"

Ìyá mi ni, ṣùgbọ́n mi ò lè wí bẹ́ẹ̀. Nílé wa, ìyẹ̀fun yòówù tí a bá fẹ́ pò, omi là ń dà lé e. Mi ò mọ̀ pé pílásítà ní ìwà tirẹ̀. Inú omi ni wọ́n ń wọ́n ọn sí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń wọ́n oúnjẹ fún adìẹ, títí òkìtì kéékèèké yóò fi yọrí lójú omi tí omi ò ní lè gbé wọn mì mọ́. Ìgbà yẹn lo tó lè ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, o ò sì gbọdọ̀ rò ó bí ẹni tí ebi ń pa.

"Tí o bá rò ó jù, o ti pa á nìyẹn," Ọ̀gá wí. "Òkú pílásítà kì í jí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méje tó kù rẹ́rìn-ín. Òpó ló rẹ́rìn-ín jù. Nítorí gíga rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Òpó, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tún ga jù ú lọ. Òun ló sọ mí ní Olóhùn-Ńlá, nítorí pé kò tíì gbọ́ ohùn mi rí.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Ó ti di òfin báyìí. Ààyè márùn-ún péré ló wà ní yàrá ère ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà yìí, a sì jẹ́ mẹ́jọ. Kí oṣù yìí tó parí, kálukú á fi amọ̀ mọ orí ènìyàn kan, á sì fi pílásítà dà á. Àwọn márùn-ún tí iṣẹ́ wọn bá dára jù ni yóò dúró. Àwọn mẹ́ta yòókù á kó ẹrù wọn lọ sí yàrá àwòrán lókè.

Kò sí ohun tó burú nínú àwòrán. Ṣùgbọ́n mi ò torí bébà fi ilé sílẹ̀. Ohun tí ènìyàn lè yí po, tó lè fọwọ́ pa lẹ́yìn, ni mo wá kọ́.

Kálukú ti rí ẹni tí yóò jókòó fún un kí Ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n kàn ń nàka síra wọn ni. Kò sẹ́ni tó nàka sí mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo ti lò níbí, ẹni tó mọ orúkọ mi ò sì ju mẹ́rin lọ. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà wà lára wọn, torí pé mo ń kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ láràárọ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ìsàlẹ̀ yàrá mi ni ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ wà. Òun ló ni ilé. Bí mo ṣe ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀ kọjá, ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí rẹ̀. Jẹ́jẹ́ lòun ń pè mí.

"Jẹ́jẹ́, kí ló ń ṣe ọ́? Láti ìjẹta lo ti fajú ro bí aṣọ tí wọn ò lọ̀."

Mo ní mò ń wá orí.

"Ò ń wá kí ni?"

"Orí ènìyàn, mà. Mo fẹ́ fi amọ̀ mọ ọ́n."

Ó yọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta kúrò lẹ́nu, ó gún wọn mọ́ apá aṣọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Tèmi ńkọ́? Àbí kò tó orí?"

Mo ní ó tó, mà. Mo ní ó ju orí lọ.

"Wákàtí mélòó ni mo máa fi jókòó?"

"Bíi mẹ́wàá, mà, ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Mi ò sì ní sọ̀rọ̀?"

"Ẹ lè máa sọ̀rọ̀, mà."

"Ìyẹn ló dáa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọ̀rọ̀ wa ì bá ti fọ́ síbẹ̀."

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Ó ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí mò ń mọ orí rẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni mo lò, ojú rẹ̀ ò sì dúró sójú kan. Ó sọ ti obìnrin kan tó máa ń fa inú mọ́ra bí wọ́n bá ti fi téèpù yí i ní ìbàdí. "Mo máa ń kọ ohun tó fẹ́ gbọ́ fún un, màá sì gé ohun tí mo fi ojú rí." Ó sọ ti ọkùnrin kan tó gbé kóòtù wá pé kí wọ́n sọ ọ́ di tuntun, ó ní ihò tó wà lára kóòtù náà ti pọ̀ ju kóòtù fúnra rẹ̀ lọ.

Ìgbà kan ṣoṣo ni ojú náà máa ń dúró: bó bá ti ki abẹ́rẹ́ sẹ́nu. Ètè méjèèjì á wọlé díẹ̀, igun ọ̀tún á fà sísàlẹ̀, gbogbo ojú á gbájú mọ́ aṣọ. Ó dà bí ẹni tó ń tọ́jú àṣírí. Ẹnu yẹn ni mo mọ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Òjò líle láti àárọ̀. Amọ̀ fẹ́ràn irú ọjọ́ yìí. Mi ò tilẹ̀ ní láti fi aṣọ tútù bò ó.

Ọ̀gá dúró níwájú orí mi. "Kí ló há sí i lẹ́nu?"

"Abẹ́rẹ́ ni, sà."

"Mi ò rí abẹ́rẹ́ kankan."

"Inú ẹnu ni wọ́n wà, sà. Ètè ló dì wọ́n mú."

Ọ̀gá lọ sídìí orí Òpó, ó sì wí pé imú rẹ̀ dà bí ìgò tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó jáde, ó padà wá wo tèmi lẹ́ẹ̀mejì. Mo kà á.

Ẹtì, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ẹ̀rọ omi gbẹ. Wọ́n ní páìpù ló bẹ́ níbì kan, ó sì lè tó ọjọ́ mẹ́wàá kí wọ́n tó tún un ṣe. Garawa méjì fún ẹnì kan lóòjọ́. Pílásítà náà ti gbówó lórí, wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o wá ò rí ọ̀nà gbà nítorí òjò. Òjò níta, ọ̀dá nínú ilé, torí omi orí páànù tó dípẹtà ò dára fún pílásítà. Òpó ní bí omi bá tán, a ó máa tutọ́ sí i.

Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo ṣe mọ́ọ̀dù mi lónìí, èèpo pílásítà tí a ó da orí gan-an sínú rẹ̀.

Mo gé páànù sí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo tò ó bọ inú amọ̀ láti ẹ̀yìn etí kan gba àárín orí dé ẹ̀yìn etí kejì, kí mọ́ọ̀dù lè là sí méjì. Lẹ́yìn náà ni mo po pílásítà àkọ́kọ́, mo fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú omi rẹ̀. Gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpele aró tín-ín-rín yìí ni yóò kìlọ̀ fún wa lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ gbẹ́ mọ́ọ̀dù kúrò: bí irin ìgbẹ́ bá ti kan aró, o mọ̀ pé ojú orí rẹ ti dé tán, kí o rọra. Mo fi ọwọ́ fọ́n ọn sára rẹ̀, mo fi ẹnu fẹ́ ẹ wọ inú ihò imú. Nígbà tó le díẹ̀, mo da èyí tó funfun lé e, ó nípọn tó ìka méjì.

Ó gbóná nígbà tó ń dì. Mo gbé ọwọ́ lé e bí ẹni ń wo iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe. Ó tutù lẹ́yìn bí ogójì ìṣẹ́jú.

Omi tí mo fi ṣan abọ́ àti ọwọ́, mo gbé e pa mọ́ sínú garawa. Ẹni tó bá da omi nù lọ́sẹ̀ yìí, ó dẹ́ṣẹ̀.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkàndínlógún

Mọ́ọ̀dù là sí méjì láìfọ́! Mo fi ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í wa amọ̀ inú rẹ̀ jáde. Ìgbà yẹn gan-an ni Ìyá Aránṣọ wọlé. Ó ní òun wá wo bí orí òun ṣe ń ṣe.

"Yéè! Ṣé ọpọlọ mi lò ń fi ṣíbí bù dà sínú garawa yìí?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òpó ní, "Ẹ má bínú, mà, ó kù díẹ̀ nísàlẹ̀ tí ẹ lè máa lò."

"Ìwọ, ọmọ gíga, bí mo bá fún ọ nínú rẹ̀, ó lè ràn ọ́ lọ́wọ́."

Inú mi dùn jọjọ. Ó pẹ́ tí ẹnì kan ti gbèjà mi.

Lẹ́yìn tí ó lọ, mo nu inú mọ́ọ̀dù náà mọ́. Orí amọ̀ ò sí mọ́, orí pílásítà ò sì tíì sí. Ohun tó ṣẹ́ kù kò ju ihò lọ, imú tó wọnú dípò kó yọ síta. Síbẹ̀, bí mo bá sún sí ọ̀tún, ojú náà á yí tẹ̀ lé mi. Bí mo bá sún sí òsì, á tún yí. Mo wò ó títí wọ́n fi ní kí n máa lọ.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Mo fi ọṣẹ pa inú mọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ń nù ún láàárín, kí pílásítà tuntun má baà lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́. Mo fi okùn di ìlàjì méjèèjì pọ̀. Omi mi ò tó, mo fi ti inú garawa kún un. Mo rí i pé ó ní àwọ̀ díẹ̀. Mo ní yóò funfun bó bá gbẹ. Mo dà á kún, mo gbọ̀n ọ́n kí afẹ́fẹ́ lè jáde.

Lọ́la ni màá gbẹ́ mọ́ọ̀dù kúrò, torí pílásítà inú rẹ̀ ti há mọ́ ọn, kò ní ṣeé là bíi ti amọ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo fẹ́ kọ ọ́ kíákíá kí n lè gbé ìwé yìí jù sílẹ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn orí. Funfun ń já bọ́, mo kan aró, mo rọra. Mo gbẹ́ aró kúrò díẹ̀ kí n lè rí funfun orí gan-an lábẹ́ rẹ̀. Aró ló wà lábẹ́ aró.

Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Omi wo lo fi pò ó?"

Mo nàka sí garawa.

Ó ki ìka bọ̀ ọ́. "O fi omi pa mọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé ni ọ́. Ṣùgbọ́n o ti fọ́ ojú ara rẹ. Àmì kan ṣoṣo tó yẹ kó sọ fún ọ ibi tí mọ́ọ̀dù parí sí, o ti pa á rẹ́."

"Ṣé mo lè tún un dà, sà?"

"Dà á látinú kí ni? Amọ̀ ti lọ. Ohun tó wà níbẹ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí o ní."

Òpó yọjú láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ sá a sórí okùn. Ó kàn ku ká lọ̀ ọ́ ni."

Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Mi ò lọ. Mo ní inú ń run mí. Kì í ṣe inú.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Bàbá ẹnu ọ̀nà ṣílẹ̀kùn fún mi ní aago méje àárọ̀. "Ìwọ nìkan?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó ní ó dáa, òun náà fẹ́ sùn díẹ̀.

Mo gbé orí náà lé àpò iyanrìn. Mi ò fọwọ́ kan irin fún bí ìdajì wákàtí. Ojú ò lè ràn mí lọ́wọ́: aró lókè, aró nísàlẹ̀. Nígbà tó sú mi, mo fi ẹ̀yìn irin kan ibi tí mo ti ṣí ní ìjẹta, níbi tí orí gan-an ti hàn. Ó dún: kó. Mo kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, níbi tí mọ́ọ̀dù ṣì bò. Ó dún: pó.

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Mo ti fèrèsé. Mo tún kàn án. Kó. Pó.

Ọṣẹ ni! Ọṣẹ tí mo fi pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta ò jẹ́ kí àwọn méjèèjì lẹ̀ mọ́ra. Àlàfo tó wà láàárín wọn ò nípọn tó bébà, ṣùgbọ́n ó tó kí ohùn gbà á kọjá. Bí mọ́ọ̀dù bá nípọn, ohùn rẹ̀ á wúwo. Bó bá ń tán lọ, ohùn á máa gòkè, pó á di pé. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó ṣí, á dún ṣẹ́, bí ìgbà tí èékánná bá kan ìkòkò tó ti sán. Bí mo bá ti gbọ́ ṣẹ́, màá fi irin sílẹ̀, màá fi ìka ká a kúrò.

Mo ṣí gbogbo ẹ̀yìn orí àti ọrùn kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò sí àpá irin kankan lára rẹ̀.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún mi pé n kì í sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tí mò ń fi etí ṣe ní gbogbo àsìkò yẹn.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Iwájú orí, ojú, ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tí mo dé imú, mo dá èémí dúró títí mo fi ṣí i tán. Nígbà tí mo dé ètè, mo ń kàn án bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé àna. Igun òsì ti ṣí tán. Bí mo ṣe ń kan ti ọ̀tún, ọkọ̀ kan fun fèrè níta, mi ò gbọ́ ṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ hó díẹ̀, kò tó hóró ìrẹsì.

Ní aago mẹ́rin, ó jáde. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí aṣọ aró tí wọ́n ti fọ̀ lọ́pọ̀ ọdún. Ẹnu náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò lè rí.

Mo jókòó tì í lórí ilẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì mi. Mi ò jẹ búrẹ́dì tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ajé, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n

Òpó ló kọ́kọ́ rí i. "Ta ló bá ọ ṣe é?"

Mo ní èmi ni.

"Ìwọ wo? Àbí àwọn ọ̀gá ọdún kẹta ni? Kò sẹ́ni tó lè gbẹ́ aró kúrò lára aró."

Ọ̀gá yí orí náà po, ó fi èékánná wá àpá irin lára rẹ̀, kò rí. Mo ṣàlàyé nípa ohùn. Ó wò mí bí ẹni ń wo aago tó ń sọ àkókò tó yàtọ̀ sí tirẹ̀.

"Mi ò sọ pé o purọ́," ó wí. "Ṣùgbọ́n mi ò lè fún ọ ní ààyè lórí ohun tí mi ò rí. Lọ́jọ́bọ̀, màá gbé mọ́ọ̀dù kan fún ọ. Wàá ṣí i lójú gbogbo wa."

Lójú gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ yẹn ló dẹ́rù bà mí, kì í ṣe mọ́ọ̀dù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Màmá mi pè. "Ṣé o ti lọ́rẹ̀ẹ́?" Mo ní mo ní orí kan. Ó ní kí n lọ jẹun kí n sì sùn.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Mọ́ọ̀dù tí Ọ̀gá gbé kalẹ̀ kò ju ìrọ̀rí ọmọ ọwọ́ lọ. "Lánàá ni mo dà á. Kò sí aró nínú rẹ̀ rárá. Mi ò sì ní sọ ohun tó wà níbẹ̀."

Àwọn méje pagbo yí mi ká. Mo mú òòlù àti irin. Mo kan mọ́ọ̀dù náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Bàtà ni mò ń gbọ́, àti ẹni tó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, àti Òpó tó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Ẹ dákẹ́," mo wí. Wọn ò gbọ́.

Mo gbé òòlù kalẹ̀. "Ẹ dákẹ́! Mò ń ṣiṣẹ́!"

Yàrá pa rọ́rọ́, àti Ọ̀gá náà. Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀ nílé.

Mo kàn án. Pó. Ó ti tó, mo bẹ̀rẹ̀. Wákàtí méjì ni mo fi ṣe é. Mo gbọ́ ibi tó ti ní kọ́lọ́fín, mo gbọ́ ibi tó ti fẹ́lẹ́ bí ewé, mo sì mọ̀ kí n tó rí i. Etí ni. Etí ńlá kan, pẹ̀lú gbogbo ìṣẹ́po rẹ̀.

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ní, "Mi ò fi ṣàwàdà o. Etí ló máa ń fọ́ jù. Èmi gan-an máa ń fọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ aró ni mo ń wò." Ó gbé e sókè sójú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yí po, lọ́ra lọ́ra.

"Ó pé," ó wí.

Nígbà tí wọ́n tú ká, Òpó dúró. Mọ́ọ̀dù tirẹ̀ ti há mọ́ ère rẹ̀ lábẹ́ àgbọ̀n láti ọjọ́ Ajé, ẹ̀rù sì ń bà á láti fi irin kàn án. Ó fọwọ́ họ orí. "Jọ̀ọ́, bá mi fetí sí tèmi."

Mo bá a fetí sí i.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Wọ́n lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn ní aago mẹ́wàá. Orúkọ márùn-ún. Tèmi ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Mo kà á, mo lọ síta, mo tún padà wá kà á. Òpó ni ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún, ó sì gbé mi sókè pẹ̀lú bàtà mi.

Ìyá Aránṣọ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa, ó wá. Ó yí orí náà po lẹ́ẹ̀mejì.

"Ṣé bí ìpàkọ́ mi ṣe rí pẹlẹbẹ nìyí? Gbogbo ọdún yìí, kò sẹ́ni tó sọ fún mi!" Ó wo ẹnu náà títí. "Ẹ bá mi wé e. Ojú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ni mò ń gbé e lọ."

"Ó ń gbé níbí ni, mà," Ọ̀gá wí. "Iṣẹ́ tó bá dára, orí pẹpẹ wa ló ń wà."

"Sà, orí mi ni."

"Mà, pílásítà wa ni."

Wọ́n ń fà á báyìí, ẹnì kìíní nàka sí imú, ẹnì kejì nàka sí àpò pílásítà. Mo dúró láàárín wọn. Ẹnu mi là kí n tó mọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mà. Tèmi ni."

Àwọn méjèèjì yíjú sí mi.

"Orí yín wà lọ́rùn yín, mà. Pílásítà tó kù wà nínú àpò, sà. Èyí tó wà lórí tábìlì yìí, èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ wá gbọ́ Jẹ́jẹ́ o!" Ìyá Aránṣọ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ gíláàsì ojú rẹ̀ láti nù ún. Ó ní kí n gbé e, ṣùgbọ́n kí n rántí pé èyí tí mo bá ṣe tẹ̀ lé e, orí pẹpẹ ni.

Mo gbé e mọ́ àyà. Òpó ní kí òun bá mi gbé e, mi ò gbà. Ó wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sinmi lójú ọ̀nà, àwọn ènìyàn sì ń dúró wò ó. Gbogbo ẹni tó béèrè ta ló ṣe é ni mo dá lóhùn.